Ìwé Ìwọ̀n Télọ̀ Ìkìrun

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun, télọ̀ ni, aṣọ obìnrin nìkan ló ń rán. Fara balẹ̀ gbọ́ mi, Gbóyèga. Ọkùnrin yìí kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà kan fún òmíràn. Bí àwọn obìnrin bá ń ṣòfófó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa tẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń pa ẹnu mọ́.

Ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ìwọ̀n wọn sí. Olúkúlùkù ní ojú ewé tirẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀, àdúgbò wà níbẹ̀, ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀, títí dé orúkọ ọkọ. Kí ló fẹ́ fi orúkọ ọkọ gé aṣọ? Òun náà kò mọ̀. Ó ṣáà rí àyè nínú ìwé ni. Bó bá sì wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì, kì í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ tuntun sí pẹ̀lú oṣù tó wọ̀n ọ́n. Orí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí ni ìwé náà máa ń wà. Ẹni tó bá dé á ṣí i fúnra rẹ̀, á wá orúkọ ara rẹ̀. Télọ̀ rò pé òun mú nǹkan rọrùn fún wọn ni.

Obìnrin olùkọ́ kan wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lóyún, tí oyún ń bàjẹ́. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin dé, òun àti ọkọ rẹ̀ pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́, kódà ìyá ọkọ, títí oyún yóò fi yọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ta ni kò ní í bà?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún kan dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó pariwo pé, “Olùkọ́ wa! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!” Gbogbo èrò ṣe àmín. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà láàárín wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, olùkọ́ ti dúró sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

“Bùọ̀dá, ta lẹ sọ fún?”

“Kí ni mo sọ?”

“Oyún mi! Téèpù yín nìkan ló ń yí ìbàdí mi ká. Bí èyí bá tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?”

Télọ̀ la ẹnu sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé olùkọ́ lóyún! Ó búra, ó tún búra. Obìnrin náà sunkún jáde, kò tilẹ̀ mú aṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè, ìyàwó ní, “Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ fún mi yìí.” Ọkàn rẹ̀ kò sí níbì kan. Lọ́jọ́ náà, apá ọ̀tún méjì ló gé fún aṣọ kan ṣoṣo.

Ní Ọjọ́rú, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún wá gba búláòsì rẹ̀. Télọ̀ ò lè mú un mọ́ra. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ti olùkọ́ fún yín?”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Ta ni ìbá sọ ọ́? Ìwé yín ni!” Ó ṣí i. “Oṣù kẹta, ìbàdí ọgbọ̀n. Oṣù kẹrin, méjìlélọ́gbọ̀n. Oṣù karùn-ún, márùn-úndínlógójì. Apá kò yí padà, èjìká kò yí padà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbí pé ó ní kí iwájú ní àyè. Èmi tí mo bí márùn-ún, ṣé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé mi ni? Inú mi dùn sí i ni mo ṣe kí i. Àbí mo ṣẹ̀?”

Télọ̀ gba ìwé náà, ó ka ojú ewé ọ̀hún fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́. Kò sí ẹni tó jalè. Òun kò sọ̀rọ̀, olùkọ́ kò sọ̀rọ̀, ìyá yìí kò ro ibi. Síbẹ̀ àṣírí ti tú. Télọ̀ kò mọ ẹni tí òun ì bá bínú sí.

Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Òkukù, oṣù mẹ́rin gbáko ló fi sá fún ojú ènìyàn. Kò tún tẹ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Gbóyèga, ìwọ ni mò ń bá wí. O ṣe áàpù tí wọn yóò fi máa ra gáàsì ìdáná, o ṣeun. O fẹ́ gba ọjọ́ ìbí wọn, o fẹ́ gba nọ́ńbà ojúlùmọ̀ wọn, o kò ní í pa ohunkóhun rẹ́, gbogbo ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé gáàsì ló sì lè ṣí i wò. O ní o kò ní í tà á fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ní o fẹ́ tà á? Obìnrin tó ń ra gáàsì lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, tó dédé dáwọ́ dúró, kò sí nílé nìyẹn. O ti sọ ọ́ fún olè, o kò sì lanu. Kí ni ọjọ́ ìbí ń wá nínú gáàsì? Yọ ọ́ kúrò lónìí, kí ẹnì kan ṣoṣo tó forúkọ sílẹ̀.