Tọkọtaya Tó Yan Odì àti Abẹ́rẹ́ Ológbò

Ọkùnrin kan wà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ní ológbò kan. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ sí ilé tiwọn. Ológbò yìí ló kù tí wọ́n ń gbé jó. Àwẹ̀ró ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀rín ń pa ọ́? Rín in tán, kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Àtọ̀gbẹ wá mú Àwẹ̀ró. Omi ló ń mu ṣáá, ó ń tọ̀, ó sì ń rù. Dókítà ẹran ní kí wọ́n máa gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Ó kìlọ̀ fún wọn pé bí abẹ́rẹ́ náà bá pọ̀ jù, ṣúgà ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ó sì lè kú. Ọkọ gba ti àárọ̀, ìyàwó gba ti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti gún un á pariwo pé, "Mo ti fún un o!" Èkejì á dúpẹ́. Ara Àwẹ̀ró sì bẹ̀rẹ̀ sí í mókun.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ fi ọbẹ̀ ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò. Ó dun obìnrin náà wọra. Bí wọ́n ṣe yan odì nìyẹn. Ológbò ni wọ́n wá ń rán níṣẹ́ ọ̀rọ̀: "Àwẹ̀ró, sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ wà lórí tábìlì." "Àwẹ̀ró, sọ fún ìyá rẹ pé ebi ò pa mí." Àgbà méjì o!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó pẹ́ ní ìpàdé ìjọ. Ọkọ bá fún Àwẹ̀ró lóúnjẹ, ó sì gún un lábẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí ìyàwó fi wọlé. Ó kọjá lára ọkọ láìkí i, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ọkùnrin náà gbọ́ tó ṣí fìríìjì tí oògùn wà. Ó la ẹnu kó sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ní, "Ṣé ìwọ ni wàá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́?" Ó ní bóyá omi tútù ló fẹ́ mu. Ó pa ẹnu dé.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò gbà á mọ́. Ó ṣubú láàárín pálọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Yéè! Ọkùnrin náà figbe ta: "Ìyá Bọ́látitó! Mo ti gún un tẹ́lẹ̀ o!" Obìnrin náà sáré gbé oyin, ó fi ń pa èrìgì ológbò náà, bí dókítà ṣe kọ́ wọn. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó yè é, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọkọ ní, "Mo gbọ́ nígbà tí o ṣí fìríìjì."

Ìyàwó wò ó lójú. "Ẹ gbọ́, ẹ sì dákẹ́?"

Àánú wọn ṣe mí. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn Àwẹ̀ró dénú. Ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún un gan-an ló fẹ́ pa á.

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ṣẹ̀ ọ́, ó sì dùn ọ́. N ò ní o má bínú. Àmọ́ a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ìyá yín ló dùbúlẹ̀ yẹn. Ìwọ ń fún un lóògùn, ẹ̀gbọ́n rẹ ń fún un lóògùn, ẹ kì í sì í bá ara yín sọ̀rọ̀. Èyí tí o fún un láàárọ̀ yìí kí o tó wá síbí, ṣé o mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ ti fún un ṣáájú rẹ? Dìde, máa lọ. Lọ bi í.