Kí Ìyàwó Tó Sọ Ẹsẹ̀ Kalẹ̀

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi kẹnu bọ fèrè, ó dá lórí Àkùkọ, Ewúrẹ́, Pẹ́pẹ́yẹ àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Àwọn mẹ́rin yìí jọ máa ń fọn sakisofóònù. Iṣẹ́ wọn kọ́ o; bí wọ́n bá toko dé ni wọ́n fi ń ṣeré. Àmọ́ wọ́n gbà pé ẹni tó bá kọ́kọ́ parí orin ló mọ̀ ọ́n fọn jù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré kàwé!

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dánra wò, Àkùkọ ló ṣáájú parí, ló bá ń mi ogbe. Nígbà kejì, Ewúrẹ́ fo àárín orin, ó ṣáájú Àkùkọ. Ìgbà kẹta ni ìgbéyàwó ọmọ Erin. Ìyàwó gbẹ́sẹ̀ sókè kó jó. Kó tó sọ ọ́ kalẹ̀, orin ti tán.

Ni ìjà bá dé. Ẹ bá mi gbè é:

Èmi ni mo kọ́kọ́ parí!
— Irọ́ ni o, irọ́ ni!
Pẹ́pẹ́yẹ ló gbẹ̀yìn wa!
— Irọ́ ni o, irọ́ ni!

Ìyàwó gbọ́ èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Gbogbo àlejò bọ́ sójú agbo. Nígbà tó yá, Erin dìde, ó ní:

“Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Orin kejì yìí dùn gan-an. Tẹ́ ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ fi fèrè sílé.”

Ó tán o. Ẹ̀yin ọmọ, èmi ni mo mọ ààlọ́ pa jù ládùúgbò yìí!

— Irọ́ ni o, irọ́ ni!