Ihò Márùn-ún Lóko Kárọ́ọ̀tì

Òkè-ilẹ̀-dúdú-kò-tó, Ìsàlẹ̀-ni-kí-ẹ-bá-mi-wò, àwọn ló dá Ifá fún Ògúntọ́lá ará Ìdí-Apá, lọ́jọ́ tó fẹ́ fi gbogbo ebu iṣu ilé rẹ̀ pààrọ̀ irúgbìn kárọ́ọ̀tì.

Ọdún kẹta nìyẹn tí iṣu rẹ̀ ti ń kéré sí i. Ìyàwó kan ló ní, Àwẹ̀ró, àti ọmọ kan ṣoṣo, Àrìnpé. Ẹ̀rù ń bà á kí ebi má wọlé tọ̀ wọ́n.

Wọ́n ní kó rú àkùkọ kan àti epo. Wọ́n ní kó gbẹ́ ihò márùn-ún sóko náà, kó jìn tó orúnkún, kó da omi sí i, kó sì jókòó tì í. Ibi tí omi bá dúró sí, kó má gbin kárọ́ọ̀tì síbẹ̀.

Ògúntọ́lá rú àkùkọ, ó rú epo. Ihò ni kò gbẹ́. Ó bu erùpẹ̀ oko náà, ó dúdú, ó kúnná lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló tún kù tí yóò wò?

“Bàbá Àrìnpé, ẹ gbẹ́ ẹ,” ni Àwẹ̀ró wí.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ihò márùn-ún? Ta ló fẹ́ kú nílé yìí?”

Orí ebè gíga ni baba rẹ̀ ti máa ń gbin iṣu, kò sẹ́ni tó mọ ìsàlẹ̀ ibẹ̀ rí. Ògúntọ́lá tú ebè palẹ̀, ó gbìn. Ewé yọ, ó tutù minimini. Àwọn ará Ìdí-Apá ní kó má gbàgbé àwọn bó bá dolówó.

Ọjọ́ tó fa àkọ́kọ́ tu, kò gùn ju ìka lọ. Ó là sí mẹ́ta, ó lọ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ó fà á títí dé ìpẹ̀kun oko, bákan náà ni.

Ebu ti lọ. Ewé ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí ibà dé bá Àrìnpé, kò sí ara tí yóò fi bá a jà.

Oko ni wọ́n ń sin ọmọdé sí nílùú náà. Ògúntọ́lá gbé ọkọ́. Kò tíì gbẹ́ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tí irin fi dún lórí yangí. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ihò náà tó tó orúnkún. Ihò àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì Àwẹ̀ró gbé ọkọ́, ó fi ọjọ́ mẹ́rin gbẹ́ mẹ́rin yòókù, ó sì pọnmi sí wọn. Omi dúró nínú mẹ́ta. Nínú ìkẹrin, létí odò tó wà nísàlẹ̀ oko, níbi tí ebè kò dé rí, ilẹ̀ mu ún gbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n gbin ìwọ̀nba irúgbìn tó kù sí. Ó ta gùn, ó sanra. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jẹ ẹ́.

Ifá ní ẹni tó bá yan èyí tó wù ú nínú ẹbọ, èyí tó fi sílẹ̀ ń dúró dè é. Ẹni tí wọ́n bá ní kó gbẹ́lẹ̀, kó gbẹ́ ẹ nígbà tó jẹ́ omi nìkan ni yóò dà sí i.