Gìtá Onínú Kòròfo àti Gìtá Pẹlẹbẹ

Láníyọnu kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fa okùn gìtá le nígbà tí Fárìnlóyè gbà á sọ́dọ̀ láti kọ́ ọ. Bíríkìlà ni Fárìnlóyè lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, òun ni àgbà onígìtá nínú ẹgbẹ́ olórin Olóyè Fátúnlà ní ìlú Ìgbájọ. Ó kọ́ ọmọ náà bí ẹni kọ́ ọmọ bíbí inú ara rẹ̀. Nígbà tí Láníyọnu di géńdé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun fi gìtá oníná kan ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ tí gìtá yẹn wọ ìlú ni àlàáfíà jáde láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́.

Gìtá tuntun náà dúdú, ó pẹlẹbẹ, ó fúyẹ́, bọ́tìnnì sì kún ara rẹ̀. Ti Fárìnlóyè ní tirẹ̀ rí ràgàjì, inú rẹ̀ ṣófo bí akèrègbè, ihò tóóró méjì sì wà lójú rẹ̀.

“Gìtá tí kò ní ikùn,” ni Fárìnlóyè máa ń wí, “níbo ni yóò ti rí ohùn?”

“Ọ̀gá, iná mànàmáná ló ń fún un lóhùn,” ni Láníyọnu máa ń dá a lóhùn. “Bí a bá yí ohùn tiyín sókè díẹ̀ nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, híhu ló máa ń hu bí ajá tí ebi ń pa. Ẹ tún ń pè é ní gìtá àtijọ́. Ṣebí tuntun ni ẹ rà á? Àwọn tó ṣe é kàn mú un jọ ti àtijọ́ ni.”

“Irú rẹ̀ ni ọ̀gá tèmi lù. Ohùn tó wà níkùn rẹ̀ ni mo rà, n kò ra ọjọ́ orí.”

Nígbà tí Olóyè Fátúnlà wà láyé, ẹ̀rín ni ó máa ń fi pẹ̀tù sí i. Lẹ́yìn tí ó papò dà, kò sẹ́ni tó lè bá wọn dá sí i mọ́. Àwọn onílù bẹ̀rẹ̀ sí í gbè sẹ́yìn ọ̀kan tàbí èkejì. Ó wá dé ibi pé Láníyọnu ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má baà kí ọ̀gá rẹ̀. Ojú ń tì í bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò yí ọ̀nà padà.

Ìyá Mopé, opó Olóyè, ránṣẹ́ pe gbogbo wọn.

“Ọjọ́ ìrántí ọkọ mi ń bọ̀,” ni ó wí. “Orin tí ó fi fẹ́ mi sílé ni mo fẹ́ gbọ́. Bí ẹ bá lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ, kí ẹgbẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀.”

Wọn kò gba orin náà sínú àwo rí. Fárìnlóyè nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn olórin tó wà níbẹ̀ nígbà tí Olóyè dá a sílẹ̀.

Ọjọ́ ìrántí pé, àwọn ènìyàn jókòó sí agbo ilé Olóyè. Fárìnlóyè ki wáyà ẹ̀rọ agbóhùnsókè bọ gìtá rẹ̀. Bí ó ti ń tì í wọlé ni irin kékeré tí wáyà ń gbà wọlé yọ, tí ó sì jábọ́ sínú ikùn gìtá. Ó ta okùn. Ohùn rẹ̀ kò jáde nínú ẹ̀rọ. Ó ki ìka bọ ọ̀kan nínú ihò tóóró ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka tó ti ń gbé búlọ́ọ̀kù láti ìgbà èwe ti ki jù. Ó fi tipátipá tì í, ẹ̀jẹ̀ yọ.

Kí á má purọ́, inú Láníyọnu kọ́kọ́ dùn. Ó gbé gìtá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ní òun yóò kọ orin náà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ já gaara, ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí. Nígbà tí ó dé ibi tí orin ti yà, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ó gbìyànjú ọ̀nà kan, ó tún gbìyànjú òmíràn. Ìyá Mopé gbé ọwọ́ sókè.

“Ó tó, ọmọ mi. Orin yẹn wà lókè. Ọwọ́ rẹ kò tó o.”

Láníyọnu wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó rí ọ̀gá rẹ̀ tó gbé gìtá lé itan bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tó ṣì ń wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé. Gìtá yìí gan-an ni ó fi kọ́ òun. Ó bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n bá yín wò ó.”

Fárìnlóyè sún gìtá sí i. Ìka tẹ́ẹ́rẹ́ ti Láníyọnu wọlé wẹ́rẹ́. Ó fi ìka wá irin náà kiri nínú òkùnkùn ikùn gìtá, ó mú un, ó fà á padà sí ojú ihò tí ó ti yọ, ó dì í mú títí Fárìnlóyè fi dè é le.

“Gbé tìrẹ náà,” ni Fárìnlóyè sọ. “Bí mo bá dé ibi tó yà, wo ọwọ́ mi.”

Gìtá onínú kòròfo ló síwájú, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, kò sì hu. Gìtá pẹlẹbẹ tẹ̀ lé e, ó ń ta wínrínwínrín lókè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó yà, Láníyọnu kò gbójú kúrò lára ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìyá Mopé dìde, ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbe orin ọkọ rẹ̀ títí dé òpin, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò tú ká.

Nítorí ohun tí wọ́n fojú rí lọ́jọ́ yẹn ni àwọn àgbà onígìtá ibẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ tí àtijọ́ àti òde òní ń bára wọn fa ọ̀rọ̀, fi máa ń pa á lówe pé: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.