Rílè Tó Ní Òun Ti Jíṣẹ́

Ní Òkehò, ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà tó ń jẹ́ Ṣíttù, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọláòtí. Ṣíttù ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, Ọláòtí ń tún waya mọ́tò ṣe. Abẹ́ igi máńgòrò kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kí Ọláòtí tó kó lọ sí òdìkejì ìlú, nítorí àyè ò gbà wọ́n mọ́. Ìyá Ṣíttù ló bọ́ àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́. "Ọmọ mi oníwaya" ló máa ń pe Ọláòtí.

Nígbà tí ìyá náà kú, Ṣíttù ò fi fóònù pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. A kì í túfọ̀ àgbà fún ẹni tó jẹ́ ọmọ lórí fóònù. Ènìyàn là ń rán. Ó rán Múfútáù, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Múfútáù padà dé, ó ní òun ti jíṣẹ́. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n dúró de Ọláòtí títí àwọn ààfáà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọn ò rí i, wọ́n sì sin ìyá. Ọláòtí ò wá lọ́jọ́ kẹta, kò wá lọ́jọ́ kẹjọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣíttù wọnú egungun, ó sì búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà mọ́. Ká sòótọ́, ìbínú rọrùn fún un ju ọ̀fọ̀ lọ. Ẹni tó ń bínú kì í ráyè sunkún.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fi okùn fa mọ́tò Màmá Fadérera wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Agbẹ̀bí ni màmá náà, mọ́tò yìí ló sì fi ń gbé àwọn aboyún láti oko wá sí ọsibítù. Mọ́tò tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Pọ́ǹpù kékeré kan ló ń ti epo tí ń yí jíà rẹ̀. Bí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, pọ́ǹpù náà á kùn bí oyin; bí kò bá kùn, mọ́tò ò ní wọ jíà.

Ṣíttù ṣí ilẹ̀kùn, pọ́ǹpù ò kùn. Ó yẹ fíúsì wò, ó dáa. Ó wá fetí sí rílè, ìyẹn àpótí kékeré tí wọ́n ń rán pé kó gbé iná bátìrì lọ fún pọ́ǹpù. Rílè dún: kẹ́.

"Rílè ti jíṣẹ́," ni Ṣíttù wí. "Pọ́ǹpù ló kú."

Ó tú pọ́ǹpù, ó fi òmíràn sí i. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Rílè dún kẹ́, pọ́ǹpù kejì dákẹ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Màmá Fadérera jókòó sórí táyà. "Ṣíttù, aboyún kan wà lóko tí oṣù rẹ̀ ti pé, ọ̀kadà ò sì ṣe é gbé e. Ta ló mọ waya jù nílùú yìí?"

Ṣíttù mú sípánà, ó ń nù ún.

"Mo mọ̀ pé ẹ jọ ń bínú. Ìbínú yín ò lè bá mi gbẹ̀bí."

Màmá náà ò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú Ọláòtí wá.

Ọláòtí ò wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbé pọ́ǹpù tí wọ́n tú sọ́nù, ó fa waya sí i tààrà láti orí bátìrì. Pọ́ǹpù kùn.

"Màmá, èyí ò kú o."

"Mo gbọ́ tí rílè dún," ni Ṣíttù wí.

Ọláòtí tú rílè, ó ṣí ìdérí rẹ̀. "Ó dún lóòótọ́. Wọ́n rán an, ó sì dìde. Ṣùgbọ́n ẹnu irin tó yẹ kí iná gbà kọjá ti jó dúdú. Dídún lásán lo kà sí jíjíṣẹ́. O ò wò ó lẹ́nu pọ́ǹpù bóyá iná débẹ̀."

Ṣíttù gba rílè náà, ó wò ó títí. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọláòtí, lọ́jọ́ tí ìyá wa kú, kí ni Múfútáù wí fún ọ?"

"Múfútáù kẹ̀? N ò rí i. Ẹnu ọlọ́kadà ni mo ti gbọ́, lẹ́yìn tí ẹ ti sin ín tán. Ìyá tó bọ́ mi. Mo ní bí ẹ ò bá kà mí kún ọmọ, kí ni mo tún ń wá bọ̀?"

Múfútáù wà nítòsí tó ń fọ irin. Ó dọ̀bálẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, mo lọ. Mo bá ṣọ́ọ̀bù wọn ní títì. Mo kan ilẹ̀kùn, mo pe orúkọ wọn. Mo rò pé aládùúgbò á sọ fún wọn. Nígbà tí ẹ bi mí, mo ní mo ti jíṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó nà án. Ọláòtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ṣíttù jókòó tì í, ó sì sunkún ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti kú. Màmá Fadérera mú sùúrù díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ bá mi fi rílè tuntun sí i ná."

Wọ́n fi í sí i, pọ́ǹpù kùn, màmá sì wa mọ́tò lọ sí oko. Àwọn méjèèjì gba ọ̀nà ibojì lọ. Rílè ṣe é pààrọ̀, ìsìnkú ò ṣe é tún ṣe.

Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká ìlú, tí ó fi di òwe lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní pé: bí ìránṣẹ́ bá ní òun ti jíṣẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí a rán an sí.