Odò Tí Ìjàpá Nìkan Rí

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi rìn títí, ó gúnlẹ̀ sí ọ̀dàn tí oòrùn jó gbẹ.

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà rèé. Erin wà níbẹ̀, òun ni àgbà. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Ọ̀bọ wà níbẹ̀ tòun ti ariwo rẹ̀. Etu wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ìjàpá náà wà níbẹ̀. Ibo ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ tí Ìjàpá kì í sí?

Ní ìgbà kan rí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ. Omi tó kù fún gbogbo ẹranko kò ju ìkòkò kan lọ. Erin ló ń bù ú, ìkarahun ìgbín kan fún ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ọmú Etu ti gbẹ. Omi inú ìkarahun yẹn nìkan ló ń gbé ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ró.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, Ìjàpá kígbe: "Ẹ wo iwájú!"

Gbogbo wọn wò. Háà! Omi ló tẹ́ lọ rẹrẹ lórí ọ̀dàn, ó ń dán yinrin. Àwọn igi dorí kodò nínú rẹ̀, bí ẹni pé ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ wá wẹ̀. Etu kúnlẹ̀. Kò rí irú ẹwà bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ìjàpá ní, "Ẹ sáré! Èmi tí ẹsẹ̀ mi kúrú, n óò máa ṣọ́ ìkòkò."

Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. "Ta ní í gbé eegun fún ajá ṣọ́?"

Ṣùgbọ́n ojú wọn ti rí omi. Wọ́n sáré. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn ni omi ń sún sẹ́yìn. Ọmọ Etu ṣubú. Etu gbé e padà, kò bá ìkòkò tàbí Ìjàpá níbẹ̀ mọ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ dání, ó tọ ipasẹ̀ Ìjàpá títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Orí àpáta ló ti bá a, tòun ti ìkòkò omi náà. Ìjàpá kò tíì mu ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Ó ń fi í pamọ́ kí ó lè tó o di ìgbà òjò. Oòrùn sì ti se ọpọlọ rẹ̀ mọ́ inú ìkarahun.

"Etu, káàbọ̀! Wo odò tútù lẹ́sẹ̀ mi. Wo ẹja tó ń fò!"

Etu wò, ẹ̀rù bà á. Lánàá, gbogbo ojú ló rí i. Àbí ojú tòun ló ti fọ́?

"Ọmọ mi, kí lo rí?"

"Òkúta ni, ìyá mi."

"Ìjàpá, dákun, kò sí odò níbẹ̀!"

"Ẹ̀yin afọ́jú! Ta ní í pọn omi tuntun lé ti àná?"

Bí obìnrin ilé ṣe ń ṣe kó tó pọnmi ni Ìjàpá ṣe. Ó fi omi àná fọ inú ìkòkò mọ́ tónítóní, ó sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àpáta gbígbóná mu omi: ṣàà! Ó wá ti ìkòkò bọ inú odò rẹ̀. Gbàù! Ìkòkò di àpáàdì.

Díẹ̀ nínú omi náà ṣẹ́kù sínú ihò kékeré kan lára àpáta. Etu ti ẹnu ọmọ rẹ̀ bọ̀ ọ́ kí oòrùn tó dé ibẹ̀. Ọmọ náà lá a, ó sì mí kanlẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù dé, tí Etu sì rò ó fún wọn, Erin mi orí. "Èyí tí a rí lánàá, oòrùn ló tẹ́ ẹ síta fún gbogbo ojú. Èyí tí Ìjàpá rí, inú orí tirẹ̀ ló ti hù. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe é mu."

Wọ́n mú Ìjàpá lọ sí ojú odò gbígbẹ, wọ́n ní kó gbẹ́ ẹ títí yóò fi kan omi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi họ ilẹ̀ kí omi tó sun. Títí dòní, èékánná rẹ̀ kò yé họ ilẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí o bá rí ohun ìyanu, bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bóyá òun náà rí i. Bí ó bá ní òun rí i, ṣì rìn débẹ̀, kí o fọwọ́ kàn án.

Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ mi, dìde lọ bo àmù. Má sì da omi àná nù títí ọwọ́ rẹ yóò fi tutù nínú ti òní.