Ẹni Tí Ó Sọ Tirẹ̀

Nígbà tí Láníyọnu lọ wọṣẹ́ ológun, ó sọ fún wọn pé òun ti gba ìtọ́jú ìsoríkọ́ rí nílé ìwòsàn, lẹ́yìn ikú ìyá òun. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Dúródọlá, tó ń gba àwọn ènìyàn wọlé, ní, "Mú sójà kan jáde níhìn-ín tí yóò dúró fún ọ pé àìsàn náà kò ní padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa lọ sílé." Láníyọnu kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ó kọjú sí àwọn sójà tó dúró níbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ǹjẹ́ ẹ ní ẹlẹgbẹ́ kan tí ọkàn rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ogun, tí kò sì sọ fún yín?" Sájẹ́ǹtì Bámigbóyè ṣí fìlà rẹ̀. "Mo ní ọ̀kan, ọ̀rẹ́ mi ni. Ìgbà tó gbẹ̀mí ara rẹ̀ la tó mọ̀." Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ kí i, ó wá yíjú sí Kọ́nẹ́ẹ̀lì. "Sà, èmi tí mo sọ tèmi lẹ ń lé. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ pa mọ́ lẹ máa fún ní ìbọn." Bámigbóyè bá lọ dúró tì í. "Mo dúró fún un, sà. N kò lè búra pé àìsàn náà kò ní padà, ṣùgbọ́n bó bá padà, yóò sọ fún mi." Kọ́nẹ́ẹ̀lì kọjú sí Bámigbóyè. Ó ní, "Ó ti wọlé. Ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò wà."